Èéfín funfun lẹ́yìn ọkọ̀ ẹgbẹ́: ẹ mọ ohun tó ń sọ kí ẹ tó náwó



Nígbà tí òwú bá ti là lóko, ọkọ̀ bâchée tí ẹgbẹ́ ní kì í sinmi mọ́. Òun ló ń kó òwú láti oko wá sí ojú ọjà òwú ní abúlé. Òun ló ń gbé ajílẹ̀ àti oògùn kòkòrò wá. Lóru, bí aboyún bá ń rọbí, òun náà ni gbogbo abúlé ń wá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ yìí ti gbó. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún nílẹ̀ òkèèrè kí wọ́n tó gba èbúté Kútọnu tàbí ti Lómé wọlé, gasoil ni wọ́n ń lò, wọ́n sì ní turbo lára.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, awakọ̀ á yí kọ́kọ́rọ́, èéfín funfun á sì tú jáde lẹ́yìn ọkọ̀ bí ìgbà tí a ń sun igi tútù. Ẹnì kan á ní ẹ̀rọ ti kú, kí ẹgbẹ́ lọ ra òmíràn. Ẹlòmíràn á ní kò sí nǹkan kan, kí ẹ máa wà á lọ. Àwọn méjèèjì lè ṣì yín lọ́nà. Ọ̀rọ̀ ẹni àkọ́kọ́ lè mú kí ẹ ná owó tí kò yẹ kí ẹ ná. Ọ̀rọ̀ ẹnì kejì lè mú kí àìsàn tí à bá fi owó díẹ̀ wò pa ẹ̀rọ náà pátápátá.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ mú dání nínú ìwé yìí ni pé èéfín funfun kì í ṣe àrùn kan ṣoṣo. Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń fà á: gasoil tí kò jó, omi tó wọ ibi tí iná ti ń jó, tàbí òróró ẹ̀rọ tó ń jò láti ara turbo. Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tó jẹ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ojú yín, imú yín àti páálí funfun kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

BÍ GASOIL ṢE Ń JÓ NÍNÚ Ẹ̀RỌ

Ẹ̀rọ tó ń lo epo bẹntiróòlù ní bougie tó ń ta iná sí epo. Ti gasoil kò rí bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn nìkan ni piston ń fún pọ̀ nínú ihò ẹ̀rọ. Nínú àwọn ẹ̀rọ àtijọ́, ó ń fún un títí àyè rẹ̀ á fi kù bí ìdá kan nínú ogún. Ẹni tó bá ti fi pọ́ǹpù fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ǹpù máa ń gbóná. Bẹ́ẹ̀ náà ni atẹ́gùn inú ẹ̀rọ ṣe ń gbóná, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ń kọjá ìwọ̀n 500 Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì nígbà tí ara ẹ̀rọ bá dá. Injecteur á wá fọ́n gasoil wẹ́wẹ́ bí ìrì sínú atẹ́gùn yìí, gasoil á sì gbiná fúnra rẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni gasoil ń fẹ́ kó tó jó tán: ooru tó tó, fífọ́n tó kúnná, àti àkókò tó yẹ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yẹ̀, apá kan gasoil á jáde láìjó, á sì dà bí ìkùukùu funfun.

Turbo ní tirẹ̀ dà bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Èéfín tó ń jáde ló ń yí i, òun náà sì ń ti atẹ́gùn púpọ̀ sínú ẹ̀rọ kí ọkọ̀ lè lágbára. Nígbà tí ọkọ̀ bá ru ẹrù wúwo, ọ̀pá inú turbo lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Òróró ẹ̀rọ ló ń gbé ọ̀pá yìí ró. Bí òróró bá dọ̀tí tàbí tí kò tó, turbo ni yóò kọ́kọ́ jìyà rẹ̀.

ÈÉFÍN TÍ KÒ YẸ KÓ BÀ YÍN LẸ́RÙ

Ní àsìkò ọyẹ́, tí òtútù bá mú láàárọ̀, ọkọ̀ àtijọ́ lè rú èéfín funfun díẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì. Ara ẹ̀rọ ṣì tutù, gbogbo gasoil kò tíì lè jó. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, omi díẹ̀ tó sun sínú páìpù lóru ló ń gbẹ. Bí èéfín náà bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ti móoru, tí omi kò dín, tí òróró kò dín, tí ẹ̀rọ kò sì gbọ̀n, ẹ má ná owó kankan. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè: ṣé wọ́n ti yọ calorstat kúrò nínú ọkọ̀ yìí? Calorstat ni ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ̀rọ á fi móoru. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló máa ń yọ ọ́ dànù, tí wọ́n á ní ilẹ̀ wa gbóná, kò wúlò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò ní calorstat ń pẹ́ kó tó móoru, ó ń rú èéfín funfun pẹ́, ó ń jẹ gasoil, ó sì ń tètè gbó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dá a padà.

ÀYẸ̀WÒ MẸ́RIN TÍ KÒ NÁ YÍN LÓWÓ

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ gbé ọkọ̀ jìnnà sí òkìtì òwú. Páìpù èéfín ń gbóná, iná sì lè ta jáde nínú rẹ̀. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe inú ilé ìkẹ́rù, kí èéfín má baà mú yín.

Àkọ́kọ́, ẹ wo ìwọ̀n omi àti òróró láàárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí ẹ̀rọ tutù pátápátá. Ẹ ṣí ìdérí radiateur, ẹ wo ibi tí omi dé. Ẹ fa ọ̀pá òróró jáde, ẹ nù ún, ẹ tún tì í bọ̀ ọ́, ẹ wá kà á. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léra. Àyẹ̀wò yìí ló ń sọ òótọ́ jù, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í ṣe.

Èkejì, ẹ fi ojú wo èéfín náà. Bó bá jẹ́ omi, ó ń yára pòórá bí ooru ìkòkò tó ń hó. Bó bá jẹ́ gasoil tàbí òróró, ó ń dúró nínú afẹ́fẹ́, ó ń rọ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń tẹ̀lé ọkọ̀. Ti òróró tún máa ń ní àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́ nínú, pàápàá bí oòrùn bá tàn sí i.

Ẹ̀kẹta, ẹ gbóòórùn rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀. Ẹ má ki imú bọ páìpù. Gasoil tí kò jó ń rùn bíi gasoil gan-an, ó sì ń ta ojú títí omi á fi bọ́. Òróró ń rùn bí òróró tó jóná nínú agbada. Omi lásán kì í rùn, ṣùgbọ́n bí oògùn radiateur bá wà nínú omi náà, òórùn rẹ̀ máa ń dùn díẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ mú páálí funfun, kí ẹ so ó mọ́ orí igi. Ẹ gbé e sẹ́yìn páìpù, kó jìnnà tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ kan, fún bí ìdajì ìṣẹ́jú nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá sá a sínú òjìji. Bó bá gbẹ láìfi àmì sílẹ̀, omi ni. Bó bá tutù, tó ń rùn bíi gasoil, gasoil ni. Bó bá fi ọ̀rá aláwọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀ tí kì í gbẹ, òróró ni.

Bí àyẹ̀wò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sọ ohun kan náà, ẹ ti mọ ọ̀nà tí ẹ máa gbà.

BÓ BÁ JẸ́ GASOIL TÍ KÒ JÓ

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí owó rẹ̀ kéré. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ẹ̀rọ kí ẹ tó wo àwọn wọ̀nyí.

Gasoil fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Gasoil tí a rà nínú bidon lẹ́bàá ọ̀nà lè ní omi tàbí epo bẹntiróòlù nínú. Bẹntiróòlù kì í tètè gbiná nínú ẹ̀rọ gasoil, èéfín funfun sì lè ti ibẹ̀ wá. Nísàlẹ̀ filtre gasoil, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní ìdè kékeré tí a lè tú kí omi jáde. Ẹ gbe ìgò funfun sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ gba díẹ̀, kí ẹ gbé e sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí epo pupa ṣe ń léfòó lórí omi ni gasoil náà ń léfòó. Bí omi bá wà, ẹ ó rí i nísàlẹ̀ ìgò. Ẹ máa gbà á dànù títí gasoil nìkan á fi máa jáde. Bó bá pọ̀, a ní láti fọ táńkì, kí a sì pààrọ̀ filtre. Ìgò oògùn kòkòrò kọ́ ni kí ẹ lò fún èyí, bẹ́ẹ̀ ni ìgò tí ẹ bá lò kò gbọdọ̀ padà sí ilé ìdáná.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo afẹ́fẹ́ nínú ọ̀nà gasoil. Rọ́bà tó ti gbó tàbí ìdè tó tú lè máa fa afẹ́fẹ́ mọ́ gasoil. Àmì rẹ̀ ni pé ọkọ̀ kò ní tètè ṣí láàárọ̀, á máa kọ́, á sì rú èéfín funfun bó ti ń kọ́. Bí ẹ bá fi ọwọ́ tẹ pọ́ǹpù kékeré orí filtre, tí ọkọ̀ wá ṣí wẹ́rẹ́, ẹ wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Lọ́pọ̀ ìgbà, rọ́bà kan àti ìdè méjì ni gbogbo àtúnṣe rẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni bougie préchauffage. Àwọn yìí kì í ta iná bíi ti bẹntiróòlù. Ṣe ni wọ́n ń pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ láti mú ihò ẹ̀rọ móoru kí ọkọ̀ tó ṣí. Ihò kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Bí ọ̀kan tàbí méjì bá kú, ọkọ̀ á ṣí tipátipá, á máa gbọ̀n, á sì rú èéfín funfun títí ara rẹ̀ á fi móoru. Mẹkáníìkì lè dán wọn wò láìyọ wọn. Á pa ọkọ̀, á tú irin tó so wọn pọ̀, á fi wáyà iná àyẹ̀wò kan sí orí bátìrì tó ní àmì àròpọ̀, á sì fi wáyà kejì kan orí bougie lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá jẹ́ kí iná tàn wà láàyè. Èyí tí kò bá jẹ́ kó tàn ti kú. Kó pààrọ̀ èyí tó kú, bí gbogbo wọn bá sì ti gbó pọ̀, kó pààrọ̀ gbogbo wọn.

Bí èéfín kò bá lọ kódà nígbà tí ẹ̀rọ ti gbóná, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ injecteur tó ń kán gasoil sílẹ̀ dípò kó fọ́n ọn. Ẹ wá ẹni tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò injecteur. Á fi ojú rí i bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ń fọ́n. Lára ẹ̀rọ àtijọ́ tí pọ́ǹpù rẹ̀ jẹ́ ti irin lásán, mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ lè tú ìdè ọ̀nà gasoil lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ̀rọ ń rọra ṣiṣẹ́, kó lè mọ ihò tí èéfín ti ń wá. Ẹ̀yin má dán an wò fúnra yín. Agbára tí gasoil fi ń jáde níbẹ̀ lè gún awọ ara wọlé, ojú ọgbẹ́ á kéré, ìpalára inú á sì pọ̀. Ẹni tó bá gún, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kódà bí kò bá dun ún púpọ̀. Lára ọkọ̀ ìgbàlódé tí kọ̀ǹpútà ń darí injecteur rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú ìdè yẹn nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́.

Ìyókù ni àkókò pọ́ǹpù, tó lè yẹ̀ bí courroie bá fò eyín kan tàbí tí mẹkáníìkì kò bá dè é síbi tó yẹ. Bí èéfín bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pààrọ̀ courroie tàbí tí wọ́n yọ pọ́ǹpù, ibẹ̀ ni kí ẹ ní kí wọ́n padà wò. Èyí tó kẹ́yìn pátápátá ni kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ti gbó, tí piston kò lè fún atẹ́gùn pọ̀ dáadáa mọ́. Ìyẹn nìkan ló ń béèrè pé kí a tú ẹ̀rọ nítorí gasoil tí kò jó. Kí a tó gbà bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò wọn agbára ihò kọ̀ọ̀kan níwájú yín.

BÓ BÁ JẸ́ OMI

Èyí kò ṣeé fi ṣeré. Àwọn àgbà ní a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Láàárín ìdí ẹ̀rọ àti orí rẹ̀, abala pẹlẹbẹ kan wà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní joint de culasse. Òun ló ń ya iná, omi àti òróró sọ́tọ̀. Bí ẹ̀rọ bá gbóná kọjá ààlà, abala yìí lè jó tàbí kí orí ẹ̀rọ sán. Omi á wá máa wọ ibi tí iná ti ń jó, á sì máa jáde bí ooru funfun.

Àmì tí ẹ máa wò rèé. Omi radiateur ń dín lójoojúmọ́, kò sì sí ibi tó ń kán sí nílẹ̀. Rọ́bà ńlá òkè radiateur ń le bíi táyà láàárín ìṣẹ́jú méjì tí ọkọ̀ ṣí, nígbà tí omi kò tíì gbóná. Òróró orí ọ̀pá ti funfun bí ọ̀gì. Ọkọ̀ ń gbóná jù bó bá gun òkè pẹ̀lú ẹrù.

Àyẹ̀wò kan tún wà tí ẹ lè ṣe láàárọ̀, nígbà tí ẹ̀rọ tutù pátápátá. Ẹ ṣí radiateur, ẹ bu omi kún un dé ẹnu, ẹ ṣí ọkọ̀, kí ẹ sì dúró sẹ́yìn díẹ̀. Bí èéfín kékeré bá ń hó jáde nínú omi láìdáwọ́ dúró nígbà tí omi ṣì tutù, iná ń wọ inú omi. Ẹ pa ọkọ̀ kó tó gbóná. Ẹ má ṣí radiateur láéláé nígbà tí ẹ̀rọ gbóná. Omi inú rẹ̀ á fò, á sì bó ojú àti àyà yín.

Bí àmì wọ̀nyí bá pé, ọkọ̀ kò gbọdọ̀ rìn mọ́, kódà bí ọjọ́ ọjà òwú bá kù ọ̀la. Kí ẹgbẹ́ háyà ọkọ̀ mìíràn fún ìrìn náà. Ó dun ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n owó háyà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ̀rọ tuntun. Ewu mìíràn tún wà: omi lè kún ihò kan lóru. Omi kì í ṣeé fún pọ̀ bí atẹ́gùn. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, tí ẹ̀rọ dún gbì tó sì dúró, ẹ má fi agbára yí i, ẹ má sì tì í. Irin tó gbé piston lè tẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Nígbà àtúnṣe, ẹ rí i dájú pé wọ́n gbé orí ẹ̀rọ lọ sọ́dọ̀ tourneur, kó wò ó bóyá ó sán tàbí ó wọ́, kó sì tẹ́ ojú rẹ̀ bó bá yẹ. Joint tuntun lórí irin tó ti wọ́ kì í pẹ́, owó yín á sì bọ́ sínú kànga. Kí wọ́n má tún joint àtijọ́ lò. Ẹ tún béèrè ohun tó mú kí ẹ̀rọ gbóná tẹ́lẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, eruku ọ̀nà oko àti ìrun òwú ń dí ojú radiateur pa. Ẹ máa fi omi fọ ojú rẹ̀ jẹ́jẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní àsìkò ìkórè, nígbà tí ẹ̀rọ bá tutù. Omi tó mọ́ ni kí ẹ máa bù sínú rẹ̀, kì í ṣe omi ẹrẹ̀.

BÓ BÁ JẸ́ ÒRÓRÓ: Ẹ WO TURBO

Àmì rẹ̀ ni pé òróró ẹ̀rọ ń dín, omi kò dín, èéfín sì ń pọ̀ nígbà tí awakọ̀ bá tún tẹ iná lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti dúró pẹ́ láìpa. Ó tún lè pọ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè.

Kí ẹ tó ra turbo, ẹ wo ohun mẹ́ta. Ṣé òróró tí wọ́n bù sínú ẹ̀rọ kò kọjá àmì òkè lórí ọ̀pá? Ṣé filtre atẹ́gùn kò dí? Bó bá dí, turbo á máa fa òróró mọ́ra. Ṣé páìpù tó ń dá òróró padà láti turbo sínú ẹ̀rọ àti rọ́bà tí ẹ̀rọ fi ń mí kò dí tàbí tẹ̀? Bí òróró kò bá rí ọ̀nà padà, á jò gba ara turbo jáde, turbo náà kò sì ṣẹ̀.

Bí gbogbo ìwọ̀nyí bá dára, ẹ pa ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó tutù, kí mẹkáníìkì tú rọ́bà ẹnu turbo. Òróró fẹ́ẹ́rẹ́ nínú rọ́bà kì í ṣe àrùn. Ṣùgbọ́n bí òróró bá kún ibẹ̀, tí ọ̀pá bá ń lọ síwá sẹ́yìn lọ́wọ́, tàbí tí abẹ́ rẹ̀ ti ń ha ara ilé rẹ̀, turbo ti gbó. Kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kíákíá. Lẹ́yìn àtúnṣe, òróró tó kù nínú páìpù lè ṣì rú èéfín fún ìgbà díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jó tán kí ẹ tó bá mẹkáníìkì jà.

Ìdí tí a fi ní kí ẹ yára ni pé turbo tó bàjẹ́ lè máa fi òróró bọ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré fúnra rẹ̀, kò sì ní gbọ́ ti kọ́kọ́rọ́ mọ́. Bó bá ṣẹlẹ̀, kí awakọ̀ tẹ búréèkì mọ́lẹ̀ gidigidi, kó fi jíà tó ga jù sí i, kó sì tú kílọ́ọ̀ṣì kí ẹ̀rọ lè kú. Kí àwọn ènìyàn kúrò níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. Ẹ má fi ọwọ́ tàbí aṣọ dí ẹnu ọ̀nà atẹ́gùn, á fà á wọlé.

Turbo kì í ṣòro tọ́jú. Ẹ máa pààrọ̀ òróró àti filtre rẹ̀ lásìkò. Ẹ má tẹ iná gidi lójú ẹsẹ̀ tí ọkọ̀ ṣí. Bí ọkọ̀ bá ti ibi iṣẹ́ ńlá dé, ẹ jẹ́ kó rọra ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ẹ tó pa á, kí turbo lè tutù.

ỌJỌ́ TÍ Ẹ BÁ GBÉ E LỌ SỌ́DỌ̀ MẸKÁNÍÌKÌ

Kí ènìyàn méjì láti inú ẹgbẹ́ bá awakọ̀ lọ, kí ìwé tí ẹ kọ ìwọ̀n omi àti òróró sí wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ má kàn sọ pé ọkọ̀ ń rú èéfín. Ẹ sọ ìgbà tó ń rú u, bí ó ṣe ń rùn, àmì tó fi sára páálí, àti èyí tó ń dín nínú omi àti òróró. Mẹkáníìkì rere á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, torí ẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ fún un. Ẹni tó bá sọ pé kí ẹ ra ẹ̀rọ láìtíì fọwọ́ kan ohun kan, ẹ rọra kí i pé ó dàbọ̀.

Ẹ ní kó fi ohun tó rí hàn yín kó tó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ gba ohun àtijọ́ tó yọ padà. Ẹ kọ iye tí ẹ san àti ohun tí ẹ san án fún sínú ìwé ẹgbẹ́, kí akápò lè ṣàlàyé rẹ̀ ní ìpàdé. Kí ẹ sì wa ọkọ̀ náà pẹ̀lú ẹrù kí ẹ tó san owó tó kù.

Ẹ jẹ́ kí awakọ̀ yín ka ìwé yìí, tàbí kí ẹni tó mọ̀wé kà á sí i létí. Láàárọ̀ ọ̀la, kí ọkọ̀ tó jáde, ẹ wo omi, ẹ wo òróró, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Owó òwú yín tí ẹ fi òógùn wá yẹ kó délé, kó rán ọmọ níléèwé, kó sì tún ilé ṣe. Kò yẹ kó gba ẹnu páìpù ọkọ̀ jáde lọ.